Bí a ṣe ń tún ayé ara ẹni ṣe láì já ẹbí àti ará àdúgbò sílẹ̀: bí èmi ṣe ṣe é ní Adó-Èkìtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo kàwé fún ìdánwò GCE pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú ìyá ọkọ nínú ilé kan náà, wọ́n á ní báwo lo ṣe rí àyè, torí náà ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá wúlò fún kà á. Télọ̀ ni mí, Basírì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ohun tí mo mọ̀ ò ju bí èèyàn ṣe lè kọ́ nǹkan tuntun láì di ẹni tí wọ́n ń sọ pé "ìyẹn? ó ti gbàgbé wa." Tèmi GCE ni, tiyín lè jẹ́ kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ part-time, ó lè jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni.

Tí wọ́n bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní Èkìtì, àwọn kan á ti gbé omi Ìkògòsí wá, pé omi gbígbóná pàdé omi tútù, wọ́n jọ ń ṣàn lọ, kálukú sì wà bó ṣe wà. Ó dáa. Àmọ́ omi ò ní ìyá ọkọ, omi kì í san owó ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ti èèyàn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe bà á jẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ò sọ fún ẹnì kankan, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá féèlì wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ẹni ọdún 34, nílùú tí wọ́n ti ń pe gbogbo wa ní ọmọ Orísun Ìmọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, tí gbogbo ilé ní bọ̀dá tó jẹ́ pùròfẹ́sọ̀. Abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo kó ìwé sí. NECO GCE yìí, Nófẹ́ńbà sí Dìsẹ́ńbà ni wọ́n máa ń ṣe é, ẹ sì mọ ohun tí Dìsẹ́ńbà jẹ́ fún télọ̀. Àfi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣe kú ní Ìjerò, ẹbí bá kó aṣọ ẹbí dé, ìró àti búbà mọ́kànlélógún, èmi sì ni télọ̀ ìdílé, ta ni wọ́n fẹ́ kó o fún? Wọn ò mọ̀ pé mo ní ìdánwò. Mo gbà á, mo rán an, ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí mẹ́sìnnì. Búbà tó gbẹ̀yìn, ti ìyá kan ni, ó ní kí n fẹ apá ẹ̀ sí i, mo ń tú apá yẹn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè wo aago: agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Pépà Ínglíṣì ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò dìde. Mo rán apá búbà náà parí, mo já òwú ẹ̀, mo ká a sínú náílọ́ọ̀nù.

Inú bí mi sí gbogbo wọn fún bí oṣù méjì. Nígbà tí mo wá sọ fún màámi, mo rò pé wọ́n máa bá mi dárò, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní "Ṣé o sọ fún wa ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yé mi nìyẹn, àmọ́ bàbá mi ló fi ti oko là mí lóye. Àgbẹ̀ ni wọ́n, iṣu ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní géńdé, oríṣi méjì ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, ọ̀wẹ̀ wà, àáró wà. Ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ló ní iṣẹ́ ńlá, bóyá ilé ló fẹ́ kọ́ tàbí oko ànà ló fẹ́ ro, á pe àwọn èèyàn, á wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀, wọ́n á bá a ṣe é lọ́jọ́ kan, ó parí. Àáró, èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa dara pọ̀, òní oko tìrẹ, ọ̀la oko tèmi, iye ebè tí mo bá ọ kọ ni wàá bá mi kọ. Bàbá wá ní kí n gbọ́ o, kò sẹ́ni tó ń ṣe àáró tí ò ní oko tiẹ̀.

Mo wá rí i pé ọ̀wẹ̀ ni èmi ń jẹ́ láti January dé December. Wọ́n á pè, mo lọ. Wọ́n tún pè, mo tún lọ. Èmi ò sì fi oko tèmi han ẹnikẹ́ni rí débi tí wọ́n á fi bá mi ro ó, inú wá ń bí mi pé wọn ò ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ pé ẹbí ò jẹ́ ká gbèrú, ohun tó ń ṣe wá nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo wa o, ẹbí kan wà tó burú lóòótọ́, tí ẹ bá sọ fún wọn tán wọ́n á fi dí yín lọ́wọ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Torí náà ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ gbé oko yín kalẹ̀. Ẹ má sọ pé "mo fẹ́ tún ayé mi ṣe," kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ro ìyẹn. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, ẹ sọ ìgbà tó máa parí. Bí mo ṣe bá ìyá ọkọ mi sọ ọ́ nìyí, àárọ̀ ni o, kí wọ́n tó gbéra lọ sọ́jà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní agogo méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, láti ìsinsìnyí títí ìdánwò máa fi parí lóṣù Dìsẹ́ńbà. Lẹ́yìn ẹ̀ mo ti padà sọ́wọ́ yín." Wọn ò bi mí pé ìwé kí ni. Wọ́n ní, "Ta ni á gúnyán?" Mo ní ẹ̀bà ni a máa jẹ ní alẹ́ mẹ́rin yẹn. "Ẹ̀bà? L'ulé mi?" A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bíi pé Ọjà Ọba la wà, wọ́n ní alẹ́ kan, mo ní mẹ́rin, a wá já a sí mẹ́ta, kí ọmọkùnrin mi àgbà máa gún ti alẹ́ kẹrin. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń gún un kókó-kókó, Màmá á yọ kókó lẹ́nu wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á máa wò mí. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí agogo méje bá ti lù tí àwọn ọmọ bá ń pe mọ́mì mọ́mì, Màmá fúnra wọn ló ń lé wọn pé ẹ fi í sílẹ̀, ó ń kàwé. Ẹ rí i? Tí mo bá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n "máa fún mi láyè" ni, títí di òní à bá ṣì máa jà.

Ẹ ò nílò kí gbogbo ayé gbọ́ ṣá. Ẹni tó lè tú yín sílẹ̀ nínú ilé gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹni tó lè gba iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹ tún wá ẹnì kan tó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ìyẹn ti tó. Ẹ má gbé e sórí status.

Tó bá wá kan àáró fúnra ẹ̀. Mẹ́rin la jẹ́: èmi, onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá kan tó ń ta ata ní ìta, àti ọmọ Poly kan tó rẹ́ǹtì yàrá nínú àgbàlá wa. Ẹ wo bí oko wa ṣe yàtọ̀ síra. Èmi, ìwé. Onídìrí fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń we gèlè àti mékọ́ọ̀pù kó lè máa gba iṣẹ́ ìyàwó. Aláta fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta tiẹ̀, torí gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a lọ ata ló ń lọ. Ọmọ Poly yẹn, projẹ́ẹ̀tì ló ń kọ, ebi ló sì ń pa á, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ó ń kọ́ mi ní Mátíìsì, èmi ń tún ṣòkòtò ẹ̀ ṣe, ó sì ń jẹun lọ́dọ̀ wa ní Sọ́ńdè. Wẹ́sìdeè agogo mẹ́rin sí mẹ́fà, onídìrí á máa wo àwọn ọmọ mi, tó bá di Fúráìdeè tó lọ ibi tó ti ń kọ́ mékọ́ọ̀pù, èmi ni mo ń dá kọ́sítọ́mà ẹ̀ dúró, mo ń bá a tú irun àwọn tó wá tú irun. Ṣé mo mọ irun dì? Rárá o. Títú ni mo lè tú.

Ẹ ra ìwé kan, èyí tí kò wọ́n náà ti dáa, ẹ máa kọ wákàtí sí i. Ta ló ṣe kí ni fún ta ni, wákàtí mélòó. Àwọn kan á ní ìfẹ́ kì í kọ àkọsílẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn, àìkọ ló ń fa ìjà. Tí onídìrí bá rí i pé òun jẹ mí ní wákàtí mẹ́ta, á mú un lára, á sì san án, kò ní sí pé mò ń fajú ro kiri tí ò sì mọ ohun tó ṣe mí. Wákàtí kan fún wákàtí kan ni, ẹ má sọ pé iṣẹ́ tiyín lówó lórí ju ti ẹnì kejì lọ. Ẹni tí ò bá lè wá lọ́jọ́ ẹ̀, kó sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, kó sì sọ ọjọ́ tó máa fi dí i. A ò yá ara wa lówó nínú ẹgbẹ́ yìí, ìyẹn ni òfin tó le jù, torí owó ló ń tú irú ẹ̀ ká. Ẹ má sì jẹ́ kó ju márùn-ún lọ, tó bá ti di mẹ́jọ, kí ó tó kàn yín, ọjọ́ ìdánwò ti kọjá.

Ohun kan péré ni kí ẹ jọ máa ṣe. Ẹ rántí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kálukú ìlú Èkìtì ló ní ọba tiẹ̀, kálukú ló ní ìjà ààlà ilẹ̀ tiẹ̀, àmọ́ wọ́n di Èkìtìparapọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà náà wà níbẹ̀, torí ohun kan: kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní 1886 kálukú ṣì ní adé ẹ̀ lórí. Tiwa, wákàtí la parapọ̀ lé. A ò bá ara wa dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ ìbò (ní Èkìtì? ẹ jọ̀ọ́), a kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ kan náà.

Ó wá ku ẹnì kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọ̀lẹ, ìwé máa tú u fó. Ẹni tí mò ń sọ ni ẹni tó ń ṣe fún gbogbo èèyàn tí kì í gbà. Aláta wa nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ó ń bá wa wo ọmọ, ó ń bá wa ra nǹkan lọ́jà, tá a bá ní kí la máa bá yín ṣe, á ní "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Ọlọ́run á ṣe é." A rò pé èèyàn dáadáa ni, ó sì jẹ́ èèyàn dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ kan ó kàn jókòó sídìí ata ẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ní kò sẹ́ni tó bìkítà fún òun. Ojú tì wá. Láti ìgbà yẹn la ti ṣe é ní òfin, tó bá kàn ẹ́, o gbọ́dọ̀ sọ ohun tá a máa bá ẹ ṣe, tó ò bá sọ a ò ní gba tìrẹ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀, ó ní kí ẹnì kan bá òun jókòó ti ata láti agogo méjì sí mẹ́rin kí òun lè sùn. Oorun! Ohun tó ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí nìyẹn.

Owó ńkọ́? Àpò mẹ́ta, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ti ilé wà lọ́tọ̀, ti oko yín lọ́tọ̀, ti ìkíni lọ́tọ̀. Ti oko, mo gbé e fún alájọ kí n má bàa rí i: ₦500 lójúmọ́, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó di ₦15,000, alájọ á mú ọjọ́ kan, ₦14,500 á bọ́ sí mi lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ èésú lẹ fẹ́, bíi èèyàn 10 tó ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ₦50,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa kó, àmọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó tiyín, kó bọ́ sí ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ míì máa jẹ owó náà. Àpò ìkíni ni ti òkú, ìkómọ, ìgbéyàwó, ẹ mọ Sátidé ní Èkìtì. Mo fi iye kan sí i lóṣù, tó bá ti tán, ọwọ́ mi ni mo ń gbé lọ, mo ń fọ abọ́, mo ń bá wọn bó iṣu. Kò sẹ́ni tó lé mi rí pé kí n padà torí mo wá fọ abọ́.

Bí ẹ ṣe máa sọ pé ẹ ò lè wá fún àgbàlagbà, ìyẹn ló nira jù. Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ má sọ ọ́ lórí WhatsApp níwájú gbogbo ẹbí, ẹ pè wọ́n. Kí ẹ sì ti mú ohun tí ẹ máa fi dípò lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò ní lè dé Sátidé, mo ní ìdánwò. Mo máa dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ni mo máa fọ gbogbo ìkòkò, ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ dè mí." Ó yàtọ̀ sí "ọwọ́ mi dí," torí ta ni ọwọ́ ẹ̀ ò dí. Ní ti aṣọ ẹbí, mo sọ fún wọn nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà pé láti Nófẹ́ńbà mi ò gbà ju mẹ́fà lọ, mo sì ti fọ̀rọ̀ lọ télọ̀ kan ní Ajílòsùn tó máa gba ìyókù. Àǹtí kan bínú. Ó ṣì ń bínú. A máa wà bẹ́ẹ̀ ná.

Àbá kékeré kan fún àwọn tí ọwọ́ wọn máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́: ẹ ka nóòtù yín sínú fóònù, ẹ gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn ara yín, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan ti mọ Government débi pé ó ń bá mi dáhùn.

Tí kò bá wá bọ́ sí i ńkọ́? Torí ó lè má bọ́ sí i. Ríṣọ́ọ̀tù mi jáde, mo ní C5 ní Ínglíṣì, àwọn yòókù dáa, Mátíìsì gbé D7. Ẹ mọ̀ pé D7 ò lè gbé yín wọ ibì kankan tí wọ́n bá ti ní kí ẹ mú kírẹ́díìtì wá. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di ọ̀sán, aláta kan ilẹ̀kùn, ó gbé àgbàdo sísè wá, kò sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kò sọ pé ìgbà ò lọ bí òréré, ó kàn jókòó, a jọ ń jẹ àgbàdo. Lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́ tán ló ní "ìgbà wo ni òmíràn?" Tí nǹkan bá yí dà fún ẹnì kan nínú yín, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn, ẹ jókòó tì í ná, ẹ má wàásù, àmọ́ kí ẹ tó dìde kí ẹ ti mú ọjọ́ tuntun. Bàbá mi máa ń fi koríko gbígbẹ bo orí ebè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi èbù sí i, kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn má jó o pa nínú ilẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ féèlì, orí ebè nìyẹn, ẹ wá nǹkan bò ó.

Tó bá sì ju ìbànújẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ, tí ẹni náà ò sùn, tí kò jẹun, tó ń sọ pé ayé ti sú òun, ìyẹn ti kọjá àgbàdo. Ẹ bá a dé ọsibítù, ẹ má kàn júwe ọ̀nà fún un, ẹ tẹ̀ lé e. EKSUTH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà ní Adó níbí, Federal Teaching Hospital wà ní Ìdó. Ẹ kọ wákàtí yẹn sínú ìwé náà tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa san án padà.

Mo tún Mátíìsì yẹn ṣe, mo gba C6. Ọmọ Poly ti parí, ó ti kó lọ, a ń wá ẹlòmíì tó mọ ìṣirò tí iyán ò sì sú. Onídìrí ti ń we gèlè fún owó. Ẹ̀rọ ata ti dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ariwo ẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ fóònù mi mọ́.

Màmá pè mí lálẹ́ àná, wọ́n ní àwọn fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, mo kúnlẹ̀, àyà mi ń já. Wọ́n ní, "Ìdánwò ti tán, àbí? Ẹ̀bà alẹ́ Mọ́ńdè yẹn, ṣé báyìí la ó ṣe máa jẹ ẹ́ lọ ni?"